Ìrì, Èémí Èrò àti Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Mi

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú l'Ékòó, láàárọ̀ kùtù á ti rí i: awakọ̀ dúró síwájú, síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nu gíláàsì. Á nù ún tán, kó tó jókòó, gíláàsì á tún ti funfun báláú. Á tún dìde. Àwọn èrò á máa wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí tiyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀?" Tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ gíláàsì òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ àná ni mo ti máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Fáíbà ni, òrùlé wà lórí ẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì wà nídìí. Perspex, ìyẹn ike líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ló wà níwájú mi, kì í ṣe gíláàsì gidi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì jẹ́ tapólì tó mọ́ gaara, tó ní sípù, tí a máa ń ká sókè bí kò bá sí òjò. Ìkòròdú sí CMS ní Erékùṣù Èkó ni mò ń ná, ìgbà mìíràn a máa ń dé Falómọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ní AC, wàhálà tiwọn yàtọ̀, màá dé ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àkísà, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí omi wà. Ẹ fi ìka fa ìlà kan sí gíláàsì láti inú. Bí ojú ìlà yẹn bá mọ́, inú lomi wà. Bó bá ṣì rí bàìbàì, ìta ni. Mo mọ awakọ̀ kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó dé èbúté, tó jẹ́ pé omi tó wà nínú ló ń tan wáípà fún. Wáípà á máa sáré lọ sáré bọ̀, bátìrì ń jìyà, ojú ò là.

Afẹ́fẹ́ máa ń ru omi tí a ò lè fojú rí. Èyí tó gbóná ń ru púpọ̀, èyí tó tutù ò lè rù tó bẹ́ẹ̀. Bó bá wá kan ohun tó tutù dé ìwọ̀n kan, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, bí ẹ ṣe ń rí i lára ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú kúlà. Ní Èkó, ìwọ̀n yẹn máa ń tó nǹkan bíi 23 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Òwúrọ̀ wa fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí iye yẹn. Gíláàsì ò nílò kó tutù bíi yìnyín kó tó di pé omi bò ó. Kó ṣáà rẹlẹ̀ díẹ̀ sí afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ó parí.

Ohun tó ń fà á rẹlẹ̀ lóru ni ojú ọ̀run. Ohunkóhun tó bá dojú kọ òkè gbangba lóru máa ń tú ooru ara rẹ̀ sókè, ọ̀run tó mọ́ kedere kì í sì í dá púpọ̀ padà fún un. Bí àwọsánmà bá ṣú bo ìlú, ooru ò ní lọ jìnnà. Ìdí nìyẹn tí ìrì fi máa ń sẹ̀ jù ní òru tí ìràwọ̀ yọ tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́. Tí mo bá dé èbúté tí mo rí i pé orí òrùlé ń ṣàn, tí abẹ́ rẹ̀ gbẹ, mo ti mọ irú òru tó kọjá kí n tó bi ọlọ́dẹ.

Oògùn ẹ̀ kò le: kí gíláàsì má rí ojú ọ̀run. Mo ní tapólì dúdú kan tí mo ń ta bo iwájú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, mo sì máa ń fi igi kéékèèké gbé e kúrò lára perspex kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn, ìrì ò ní sẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yanrìn tó wà lára tapólì á máa ha á bí ìgbì bá ṣe ń mi ọkọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárọ̀, ẹ máa ká a láti ẹ̀gbẹ́ òrùlé lọ síhà imú ọkọ̀, kí omi orí ẹ̀ lè dà sínú ọ̀sà. Ẹni tó bá fà á wọ inú, orí ìjókòó àkọ́kọ́ ni gbogbo ìrì yẹn máa dà sí. Ọjọ́ Ajé ló sì máa ń jẹ́, ìyá tó múra ibi iṣẹ́ dáadáa ló sì máa ń jókòó síbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí ni iyọ̀. Ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Lásìkò òjò, Odò Ògùn àti àwọn odò yòókù máa ń ya wọ inú ẹ̀, iyọ̀ á sì dín kù gan-an, pàápàá lọ́dọ̀ wa ní apá Ìkòròdú. Tí òjò bá ti lọ, láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin, omi òkun á gba ẹnu èbúté wọlé, á sì máa tì í lọ sókè. Omi tó bá ta sí gíláàsì lásìkò yìí, bó bá gbẹ, á fi iyọ̀ sílẹ̀. Ẹ ò ní tètè rí i, ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ iyọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, òwúrọ̀ Èkó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èyí ni pé gíláàsì oníyọ̀ ti rin kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Tí ẹ bá wá fi àkísà nù ún láàárọ̀, ẹ kàn ń kó iyọ̀ láti apá kan lọ sí apá kejì ni, nígbà tí ẹ bá sì jìnnà sí èbúté, á tún ti bàìbàì.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń bu korobá omi kànga kan sí iwájú ọkọ̀ lẹ́yìn èrò ìkẹyìn. Omi kànga o, kì í ṣe omi ọ̀sà. Màá dà á láti òkè, màá jẹ́ kó ṣàn fúnra ẹ̀, màá wá fi ọwọ́ tó ní ọṣẹ olómi ìfọbọ́ rọra pa á lójú, màá tún dà á. Ọwọ́ mi gan-an ni mò ń lò, torí tí yanrìn bá kù níbẹ̀, ìka mi á mọ̀ ọ́n. Àkísà ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí inú ti máa ń bí mi rèé. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń wá láti òkè ọya, á bà sórí gbogbo nǹkan. Ìrì á sẹ̀ lé e. Ohun tó wà lórí gíláàsì láàárọ̀ yẹn kì í ṣe omi mọ́, ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Awakọ̀ á wá gbé síńgílẹ́ẹ̀tì, á máa fi nu ún yíká-yíká. Gbogbo ìyíká kọ̀ọ̀kan ń kọ ilà sára perspex. Ẹ ò ní rí ilà yẹn ní aago mẹ́fà. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá já èrò sí CMS tí ẹ ń padà bọ̀ ní Ìkòròdú. Oòrùn á wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, á rẹlẹ̀, á wá tan sí gbogbo ilà wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú yín á kún fún òrùka fàdákà, òrùka nínú òrùka, apẹja tó dúró nínú ọkọ̀ kékeré tó ń ju àwọ̀n á sì wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, tí ẹ ò ní rí i. Kò sí ohun tí ẹ lè fi nu ìyẹn kúrò.

Omi ni kó kọ́kọ́ kan án, nígbà gbogbo. Bí ẹ ò bá ní korobá, ẹ fi eyín já píọ̀-wọ́tà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi rọ́bà fà á wálẹ̀, irú rọ́bà ọlọ́wọ́ gígùn tí àwọn ọmọ tó ń nu gíláàsì mọ́tò níbi iná ìrìnnà máa ń lò. Ẹ fà á láti òkè sí ìsàlẹ̀, ẹ má yí i. Aṣọ múlọ́múlọ́ tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò dára fún èyí tó bá ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ẹ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọmọ ọkọ̀ má fi nu òróró ẹ́ńjìnnì kó tún dá a padà síwájú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù tàbí tínà nu perspex. Wọ́n á ní ó ń yọ ọ̀rá. Ó ń yọ ọ̀rá lóòótọ́. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́ láti inú wá, ibi tí wọ́n ti dá ihò ìdè sí ló sì máa ń kọ́kọ́ hàn sí. Omi aláró tí wọ́n ń fín sí gíláàsì ilé náà, èyí tó bá ní ammonia nínú, ti gíláàsì gidi ni. Kò yẹ perspex.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú. Èyí tó ń wá láti inú kì í ṣe ìrì, èémí wa ni. Bí òjò bá ṣú, gbogbo sípù á wálẹ̀, èrò á há mọ́ ara wọn, aṣọ tó ti rin á máa gbẹ lára wọn, gbogbo omi yẹn á sì gbé sókè láìríbi gbà jáde. Òjò ń mú perspex tutù láti ìta. Kí a tó kọjá Ìbẹ̀ṣẹ̀, iwájú ti dí.

Ìyá kan tó máa ń ra ọjà ní Èbúté Èrò, ìjókòó kejì ló máa ń bọ́ sí. Ó tẹjú mọ́ mi lọ́jọ́ òjò kan, ó ní, "Kápù, ṣé ẹ ń ríran báyìí?"

Mo ní, "Mò ń rí i, mà. Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣí sípù ẹ̀gbẹ́ yín díẹ̀."

"Kí òjò wá pa mí?"

"Òjò ò sí lápá ọ̀dọ̀ yín, mà. Apá kejì ló ti ń fẹ́ wá."

Ó wò ó, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣí i níwọ̀n ìbú ọwọ́. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn náà ṣí tirẹ̀. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ojú gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti igun, ó ń bọ̀ láàárín díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ti gbé afẹ́fẹ́ tó ti ru omi yó jáde nìyẹn. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé èrò á gbà kí àwọn laagùn, kí awakọ̀ má ríran, ṣùgbọ́n kí omi má kan bàtà àwọn.

Fáànù kékeré wà tí mo rà ní ọjà Ládípọ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ tírélà máa ń so síwájú wọn, iná bátìrì 12 volt ló ń lò. Kì í ṣe ojú mi ni mo kọ ọ́ sí, perspex ni mo kọ ọ́ sí láti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń rìn lórí gíláàsì kì í jẹ́ kí omi ráyè jókòó, ó sì máa ń jẹ́ kí ooru perspex sún mọ́ ti afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀. Ìwọ̀nba iná ló ń jẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti náwó lé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ tó o.

Ọṣẹ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí aṣọ tó rin, ẹ fi pa inú gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ mìíràn tẹ̀lé e títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi kóra jọ di ẹ̀kán. Ẹ̀kán kéékèèké wọ̀nyẹn ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí iwájú fi ń funfun. Bí ọṣẹ bá wà, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó sì máa ríran gba inú ẹ̀ kọjá. Kì í pẹ́ púpọ̀, ẹ ó tún un pa. Àwọn kan ń lo ọṣẹ ìfọyín, ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní ohun líle tó ń ha perspex nínú, mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ dúdú dán an wò. Ó fi ọ̀rá sílẹ̀, ó sì fi eérú kún un.

Ìta ò fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìta, ẹ jẹ́ kí omi sá lọ ni. Wax tí wọ́n ń fi dán mọ́tò, èyí tí wọ́n bá kọ sára agolo ẹ̀ pé kò ba perspex jẹ́, máa ń jẹ́ kí ẹ̀kán òjò yí dànù bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Lára àwọn ọkọ̀ òkun tó ń wọ Apápá, ẹ lè rí gíláàsì róbótó kan tí wọ́n dè sáàárín gíláàsì iwájú, tó máa ń yí pẹ̀lú iná mànàmáná, tí á sì máa ju omi nù. Láti 1917 ni wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wù mí, àmọ́ ọ̀gá mi tó ni ọkọ̀ ò tíì gbọ́ ìyẹn láti ẹnu mi, torí mo mọ èsì.

Mo ní màá dé orí àwọn tó ní AC. Mo wa ọ̀kan fúngbà díẹ̀. Tiwọn, òdì kejì ni. Inú tutù, gíláàsì tutù, afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó gbóná tó sì rin wá ń kàn án láti ìta. Ìta ni omi á sẹ̀ sí, ẹ lè nu inú títí ọwọ́ á fi bó. Níbẹ̀ ni wáípà wúlò. Ẹ dín AC kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọ sí gíláàsì, ó tó. Èrò á sọ pé ooru ń mú àwọn. Ẹ ní kí wọ́n má bínú. Tí òjò bá sì dé, AC yẹn kan náà á di ọ̀rẹ́ yín, torí ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i bó ṣe ń kán sílẹ̀.

Ìkùukùu gidi wá wà, èyí tó bò ọ̀sà fúnra ẹ̀. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ó lè jẹ́ pé láti Ìpakodò ẹ ò ní rí òpó tí wọ́n so ọkọ̀ kejì mọ́. Bí gíláàsì ṣe lè mọ́ tó, kò kàn án. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, bí ojú ò bá sì ríbi gbà, etí ló kù. Èmi máa ń dúró ni. Bí mo bá ti wà lójú omi kó tó dé bá mi, màá ṣí ilẹ̀kùn kékeré àárín perspex, màá yọ orí, màá rán ọmọ ọkọ̀ lọ sí imú ọkọ̀, màá sì pa gbogbo iná inú, torí iná inú ń kọ mọ̀nà sí ojú gíláàsì. Iná ńlá iwájú pẹ̀lú, ẹ pa á. Funfun ló máa tan padà sójú yín.

Ẹ má gbàgbé fèrè. Òfin àgbáyé ti 1972 lórí dídènà ìkọlura ọkọ̀ lójú omi sọ pé ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì tó ń rìn nínú ìkùukùu gbọ́dọ̀ fun fèrè gígùn kan, tó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ìṣẹ́jú méjì má sì kọjá kó tó tún un fun. Ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 12 lè má tẹ̀lé ìyẹn ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa pariwo kan tí wọ́n á gbọ́, láàárín ìṣẹ́jú méjì kan náà. Ní tòsí Òkò Bàbá, ibi tí wọ́n ti ń la pákó láti ọjọ́ pípẹ́, gẹdú lè máa léfòó níbẹ̀, gẹdú ò sì ní fèrè. Níbẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo máa fà wá jẹ́jẹ́ títí òpó Afárá Third Mainland á fi yọ.

Àwọn ọmọ ẹnu iṣẹ́ ti ní kí n kọ ti bátìrì tẹ̀lé èyí, màá kọ ọ́ bí àyè bá yọ. Ní báyìí, perspex tó wà níwájú mi ti gba ilà púpọ̀ láti ọwọ́ àwọn tó wa ọkọ̀ yìí ṣáájú mi, ọ̀gá sì ti gbà láti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó nípọn tó mílímítà mẹ́fà ní owó tó mọ níwọ̀n, tí wọ́n á sì gé e láìfọ́ létí, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.